Ìwé Ìbéèrè Tó Dáhùn Ara Rẹ̀

Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn aboyún kan kì í fi iṣẹ́ falẹ̀. Wọ́n ní kí ó máa bi gbogbo aboyún ní ìbéèrè mẹ́wàá nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé láàárọ̀, ó ti fi bírò máàkì “Rárá” sí gbogbo ìbéèrè, nínú gbogbo ìwé tó wà ní dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Lórí ìwé, inú àwọn aboyún ti ń dùn kí wọ́n tó kúrò lórí ibùsùn.

Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, aránṣọ kan tí oyún rẹ̀ pé oṣù mẹ́fà jókòó síwájú rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ sì fẹ̀gbẹ́ tì í bí agbẹjọ́rò tí ẹnikẹ́ni ò háyà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni aránṣọ ti ń wá ẹni tí yóò sọ fún: oorun ti sá, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mọ́, ẹkún a máa ká a mọ́ ìdí ẹ̀rọ. Lánàá, apá òsì méjì ló rán mọ́ ẹ̀wù kan ṣoṣo. Ó ti pinnu pé òní lòun yóò sọ ọ́.

“Ìyàwó, ara ńkọ́?” Aago ni nọ́ọ̀sì ń wò.

“Ó le bí òkúta,” ìyá ọkọ gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ìkẹ́ ló bà á jẹ́. Àwa tí a bí mẹ́jọ, ìgbà wo la ráyè rẹ̀wẹ̀sì?”

“Oyún tó ṣáájú èyí bàjẹ́, mà,” aránṣọ rọra wí. “Iṣẹ́ sì ti gbé ọkọ mi lọ sí ọ̀nà jíjìn. Mi ò rí…”

“Há à! Ṣé ìwọ nìkan loyún bàjẹ́ lára rẹ̀ rí ni?” ìyá ọkọ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Màmá ti sọ gbogbo rẹ̀,” nọ́ọ̀sì ní, ó ti ìwé ìbéèrè kan sí i. “Buwọ́ lù ú níbí.”

Aránṣọ wo ìwé náà. Wọ́n bi í bóyá ayé ti sú u. Wọ́n sì ti bá a fèsì pé rárá. Yíǹkì ti gbẹ.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kì í gé aṣọ oníbàárà kí n tó wọ̀n ọ́n.” Ó gba bírò, ó fa ìlà gbọọrọ la gbogbo “Rárá” náà já.

“O ba ìwé jẹ́!” nọ́ọ̀sì lọgun.

“Èyí tí a bá rán lódì, títú là ń tú u. Ẹ mú òmíràn, kí ẹ bi mí.”

Àwọn aboyún orí bẹ́ǹṣì níta ti na ọrùn wọlé. “Ẹ bi èmi náà o!” ọ̀kan pariwo.

Nọ́ọ̀sì yẹ dúrọ́ọ̀ wò dé ìsàlẹ̀. Kò sí òfìfo kan. Ìyára ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ó yí ìwé tó bàjẹ́ náà sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan.

“Màmá, ẹ lọ jókòó níta.” Lẹ́yìn náà ló bi aránṣọ pé: “Ṣé ayé ti sú ọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Bírò dúró. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọwọ́ yẹn ti kọ irú èsì bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó kọ ọ́ tán, ó gbé tẹlifóònù, ó pe dókítà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà, kò wo aago.