Àga Kan Ṣoṣo

"Láídé, ṣé aṣọ ọ̀fọ̀ lo tún wọ̀ wá?"

Ọ̀gá Gbọ́lágadé ló ń bi mí, lẹ́nu ọ̀nà hòsípítù rẹ̀ ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí mo ti ń gba aláìsàn wọlé kó tó lé mi.

"Òun ni, sà. Èyí tí ẹ torí ẹ̀ lé mi."

Ọkọ mi ti kú tipẹ́. Mo ti bọ́ aṣọ dúdú, mo ti ká a sínú àpótí. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo padà síbi iṣẹ́ ni mo yọ ọ́ jáde, mo lọ̀ ọ́ dáadáa, mo sì wọ̀ ọ́ la Festac kọjá. Nígbà tí mò ń ṣọ̀fọ̀, Ọ̀gá ní dúdú mi ń dẹ́rù ba àwọn aláìsàn, kí n bọ́ ọ tàbí kí n máa lọ. Henry, akáǹtáǹtì wọn, wọ dúdú nígbà tí ìyàwó tirẹ̀ kú. Wọ́n ní kó lọ sinmi, wọ́n gbàdúrà fún un. Ìyẹn ni adájọ́ ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ rí nígbà tí mo pè wọ́n lẹ́jọ́, tó fi sọ pé torí mo jẹ́ obìnrin ni wọ́n ṣe lé mi, kí wọ́n dá mi padà sórí àga mi.

"Ẹbí ni wá níbí," Ọ̀gá ní, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó sọ lọ́jọ́ tó lé mi náà nìyẹn.

Mo wọlé. Bukky, ọmọ tó gba ipò mi, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, báàgì lọ́wọ́, oyún ti yọ níwájú rẹ̀. Ó ń sunkún.

"Kí ló dé?"

"Àǹtí, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fà á."

Mo wo Ọ̀gá.

"Àga kan ló wà," ó ní. "Kóòtù ló ní kí n fún ẹ. Ìwọ náà wò ó, Láídé. Pẹ̀lú ikùn yẹn, iṣẹ́ wo ló tún fẹ́ ṣe?"

Àwọn aláìsàn ń gbọ́.

"Ẹ tún un sọ, sà. Lọ́yà mi máa fẹ́ gbọ́ ọ."

Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. Mo wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Mo wọ́ àga aláwọ tó máa ń fi yí sọ́tùn-ún yí sósì jáde, mo gbé e ti tèmi.

"Bukky, jókòó. Kọ nọ́ńbà lọ́yà mi sílẹ̀."

"Àǹtí, ẹ̀rù ń bà mí."

"Mo ní kó o jókòó!"

Ó jókòó. Ọ̀gá dúró síwájú wa, kò mọ ibi tó máa kọjú sí. Bàbá aláìsàn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wúkọ́ wọlé fọwọ́ kàn án léjìká.

"Bọ̀dá, ẹ̀yìn ni wọ́n ń tò sí o."

"Ẹ má bínú sí wọn, bàbá," mo ní. "Ẹbí ni wá níbí."