Lékeléke Adájọ́

"Bí ẹ bá rí ẹni tó mọ ìwà ẹyẹ jù mí lọ láyé yìí, ẹ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, kí ẹ fi gún mi létí!"

Bẹ́ẹ̀ ni télọ̀ ṣe pariwo, tí téèpù ìwọnṣọ ń fì lọ́rùn rẹ̀ bí ejò tí ayé sú. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló ń bá wí, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ sọ ní Jẹunsùn. Láti ọjọ́ tí Jẹunsùn ti kó wá sílé wọn, bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù ló fi ṣe ìtẹ́. Kò gbálẹ̀, kò gán bọ́tìnì kan ṣoṣo. Kó máa bá èrò ọ̀nà tàkúrọ̀sọ, kó máa rẹ́rìn-ín kèèkè, kí oúnjẹ délẹ̀: iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Lékeléke sàn jù ọ́ lọ," ni télọ̀ wí. "Ó ń já eégbọn lára màlúù kó tó jẹun. Ẹyẹ tó mọ ẹ̀yẹ nìyẹn! Ìwọ ńkọ́? Eégbọn wo lo já lára mi rí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní eégbọn."

"Ìwọ gan-an ni!"

Ìyàwó télọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Ó tó. Baálé mi, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. Bí lékeléke bá ń ṣiṣẹ́ kó tó jẹun, àbúrò mi á kó ẹrù rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní lé e mọ́ láéláé."

"Mo gbà! Mo fi sísọ́ọ̀sì mi búra!"

Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ lúgọ sídìí ọgbà wáyà kan, níbi tí ìyá olómàlúù ti ń bomi fún ẹran rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́, koríko ń ta sánsán. Inú télọ̀ pàápàá dùn. Ó ti pẹ́ tó ti jókòó kẹ́yìn láìsí ẹ̀rọ níwájú rẹ̀.

Màlúù pupa kan gbẹ́sẹ̀. Tata fò sókè nínú koríko. Lékeléke tó ń tẹ̀ lé e na ọrùn, gbàú! Tata ti wọkùn. Màlúù tún gbẹ́sẹ̀, tata tún fò, gbàú! Eégbọn kan wà létí màlúù, ó sanra, ó ń dán bíi bọ́tìnì kóòtù. Lékeléke kò bojú wò ó.

Òógùn bo télọ̀. "Ẹ ní sùúrù. Ìpanu ló ń jẹ."

Lójijì, ẹyẹ fò gun ẹ̀yìn màlúù.

"Hẹ̀n-ẹ́n!" Télọ̀ fò dìde, ijó dé. "Jẹunsùn, kó ẹrù!"

Lékeléke gbé ìdí sókè, ó yàgbẹ́ sí màlúù lẹ́yìn, ó sì padà sídìí tata rẹ̀.

Ìyàwó télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ìborí rẹ̀ fi tú.

"Ó dáa, ọ̀lẹ ni lékeléke," ni télọ̀ wí. "Bíi ti Jẹunsùn gẹ́lẹ́! Èmi ni màlúù. Èmi ń rìn, òun ń jẹ."

"Òótọ́ lẹ sọ, Ẹ̀gbọ́n," Jẹunsùn dáhùn jẹ́jẹ́. "Ìdí tí mo fi fẹ́ lọ nìyẹn. Télọ̀ òdìkejì títì ní kí n wá máa jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Ó ti tọ́jú yàrá sílẹ̀ fún mi."

"Kó o wá jókòó? Ṣé orí ẹ̀ pé? Ta ló ń bẹ èèyàn kó wá jókòó?"

"Obìnrin tó kó aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ wá," ìyàwó télọ̀ bi í, "ta ló dá a dúró lọ́nà?"

"Jẹunsùn ló kàn ń pa á lẹ́rìn-ín…"

"Tíṣà tó ní kẹ́ ẹ rán yunifọ́ọ̀mù gbogbo kíláàsì òun ńkọ́?"

Télọ̀ fi ìka ka àwọn oníbàárà rẹ̀. Jẹunsùn náà tún ni. Èrò á máa kọjá lọ, Jẹunsùn á pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n á yà, télọ̀ tó lúgọ sẹ́yìn ẹ̀rọ á na ọrùn: gbàú!

"Yéè! Èmi ni lékeléke!" Ó di Jẹunsùn lọ́wọ́ mú. "Àna mi àtàtà, màlúù mi, má lọ! Ṣáà máa jókòó. Màá ra tìmùtìmù sórí bẹ́ǹṣì yẹn."

"Pupa ni mo fẹ́ o." Jẹunsùn fẹ àyà. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ́ yín. Mo kàn ń dákẹ́ ni."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀," ni ìyàwó télọ̀ wí.

Télọ̀ ké sí ìyá olómàlúù. "Ìyá, ẹ wá bá wa sọ ọ́, bí màlúù ṣe ń tọ́jú ẹyẹ rẹ̀!"

Ìyá gbé garawa rẹ̀ nílẹ̀.

"Màlúù yẹn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹyẹ wà níbẹ̀."