Afárá Tí Ẹnu Mi Kọ̀ Láti Fò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ròyìn ọjọ́ tí ojo pọ́nbélé di akọni fún yín. Èmi gan-an ni ojo náà.

Ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan ni mo ti ń ka ìròyìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni olóòtú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kọ ọ́ pé òpó afárá odò ti sán, kí ọkọ̀ má gbà á mọ́. A ò tíì kà á tí ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ìjọba fi wọlé, tó fi bírò pa á rẹ́.

"Bí ẹ bá ka eléyìí, a ó ti ibí pa."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọ̀gá, ọmọ èèyàn ló ń gba orí afárá yẹn o!"

"Afárá ò ṣe nǹkan kan, màdáàmù."

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi. "Àbúrò, o ò sọ̀rọ̀?"

Èmi tí mo máa ń pariwo nílé pé n ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni! Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ." Ọ̀gá gbá mi léjìká. Inú mi dùn bí ajá tí wọ́n ju egungun sí.

Mo wọ yàrá ìkàròyìn. Ọ̀gá ń wò mí láti ẹ̀yìn gíláàsì. Mo ka ìròyìn, mo fo ti afárá bí ẹni fo kòtò. Ó ku kókó ìròyìn tí a máa ń tún kà níparí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fọ́nnu pé n kì í wo ìwé kà á: àárọ̀ ni mo ti ń há a sórí. Ti ọjọ́ náà, mo ti há a kí ọ̀gá tó dé. Mo dijú bí ìṣe mi, ẹnu mi sì tú u jáde bí mo ṣe há a:

"Lákòótán, òpó afárá odò ti sán. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má gbà á o!"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ti gbọ́. Nígbà tí afárá fi wó lọ́jọ́ kẹta, kò sẹ́ni lórí rẹ̀.

"Kìnnìún!" ni wọ́n ń kí mi kiri. Mo tilẹ̀ kọ́ ìrìn kìnnìún.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí. "Kìnnìún, ṣé kí n sọ ibi tí mo ti bá ọ lọ́jọ́ yẹn?"

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń sọ ìtàn yìí, mo máa ń ní mo mọ̀ọ́mọ̀ kà á ni. Èyí tí ẹ gbọ́ yìí ni òótọ́; ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló fà mí jáde lábẹ́ tábìlì.