Ìlà Mẹ́ta fún Shaibu

Ọkọ mi, Twalib, ló máa ń gún ológbò wa lábẹ́rẹ́. Shaibu ni orúkọ ológbò náà, àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é. Bí Twalib bá ti mọ́ṣáláṣí dé láàárọ̀, á bu ẹja sínú àwo, á dúró kí Shaibu jẹun tán, á fa oògùn ínsúlínì dé ìlà kẹta lára abẹ́rẹ́, á gbé awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè, ó parí. Bákan náà ní ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo máa ń yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Màá fi aṣọ gbígbóná mú etí rẹ̀, màá fi abẹ́rẹ́ gún bèbè etí náà, màá sì fi ẹ̀rọ kékeré wa gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Bí kò bá ti ju mẹ́rìnlá lọ, Twalib á ní, "Bàbá arúgbó, o ṣì ń bá wa gbé."

Nígbà tí Twalib kú sójú òkun, mo jókòó opó nínú ilé wa ní Mombasa: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá láìjáde, láìbá ọkùnrin ìta sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Bi Time, kó wá láti máa ṣọ́ mi. Ọjọ́ tó dé ló gba fóònù mi.

"Ìyàwó, ta lo fẹ́ pè? Ẹni tí o lè máa pè ti lọ."

Mi ò bá a jà. Shaibu nìkan ni Twalib fi sílẹ̀ fún mi tó ṣì ń mí, mo sì ti pinnu pé kò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí opó mi pé ọgọ́rin ọjọ́, abẹ́rẹ́ tán, ṣùgbọ́n oògùn ṣì kù nínú ìgò. Mo bẹ Bi Time pé kó bá mi ra òmíràn lọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Nyali, lẹ́yìn afárá. Omi tí mo gbé kaná kò tíì hó tó fi padà dé.

"Ṣé ẹ ti dé Nyali náà nìyẹn?"

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Nyali? Kẹ́mísì wà ní ìkòríta. Èyí tí wọ́n fi ń gún ènìyàn ni mo rà fún un. Ṣé kò tó ológbò ni?"

"Pupa ni ìdérí tàwa, Bi Time. Èyí pọ́n bí ọsàn."

"Kò burú. Lọ wá ọ̀dà pupa wá kí n bá ẹ kùn ún."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí Twalib ti kú, òun náà ni mo kábàámọ̀ jù.

Mo ń fa oògùn dé ìlà kẹta bí mo ṣe rí i tí Twalib máa ń ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀rọ kọ mọ́kàndínlógún. Lọ́jọ́ karùn-ún, mẹ́rìnlélógún. Shaibu ń mu omi tí mo fi ṣan aṣọ, ó ń tọ̀ sórí ẹní.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní fóònù kí n pe dókítà."

"Ṣé kì í ṣe ọkùnrin ni?"

"Dókítà ẹran ni."

"Ẹran ló ń tọ́jú. Òun fúnra ẹ̀ kì í ṣe ẹran."

"Ẹ̀yin ẹ bá mi pè é, nígbà náà."

"Kí n pe ọkùnrin olọ́kùnrin tìtorí ológbò? Kí n ní kí ló ṣe mí?"

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ti di ọjọ́ méjì tí Shaibu ti jẹun kẹ́yìn. Èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Mo gbé ìgò oògùn sójú fèrèsé, mo sì gbé abẹ́rẹ́ tì í. Ogójì ni wọ́n kọ sára ìgò, bíi ti abẹ́rẹ́ wa àtijọ́, ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ sára èyí. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ìlà abẹ́rẹ́ tuntun yìí kéré sí ti àtijọ́. Ìlà mẹ́ta tí mo ń fún un kò ju ìlà kan àti díẹ̀ ti àtijọ́ lọ.

Mo wọ búìbúì mi, aṣọ dúdú tí a fi ń bo ara jáde, mo gbé Shaibu sínú apẹ̀rẹ̀. Bi Time ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọjọ́ kọkàndínláàádọ́rùn-ún rèé. Ṣé tìtorí ológbò lo ṣe fẹ́ ba opó àbúrò mi jẹ́?"

"Ẹ bá mi gbé e lọ. Màá jókòó."

Ó yọjú wo inú apẹ̀rẹ̀. "Ó ń rùn," ló wí, kò sì na ọwọ́.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ní Nyali, ẹ̀rọ Dókítà Mulei, dókítà ẹran náà, kò tilẹ̀ kọ nọ́ńbà mọ́. Ó kàn fi hàn pé ṣúgà náà ti kọjá ohun tí òun lè kà. Dókítà fa omi sí Shaibu lára.

"Mama, kí ló dé tí ẹ ò pè mí? Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì ni. Ǹ bá ti sọ iye ìlà tí ẹ máa fà fún yín."

Mo na ọwọ́ sábẹ́ orí Shaibu. Kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, Shaibu gbé àgbọ̀n lé mi lọ́wọ́, ó sì dákẹ́.

Nígbà tí mo gbé òkú rẹ̀ délé, obìnrin àdúgbò méjì ti jókòó ti Bi Time.

"Ó yè?" Bi Time bi mí.

"Ó kú."

"O wá jáde lásán. Ká ní ó yè ni, à bá tiẹ̀ rí nǹkan sọ."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní àfi kí n tún opó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì ní rárá, ẹ̀ṣẹ̀ ọjọ́ kan kì í pa ọjọ́ yòókù rẹ́. Wọ́n da tíì sínú ife, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn.

Mo mú ọkọ́ lọ sí àgbàlá. Bi Time tẹ̀ lé mi.

"Opó kì í gbẹ́lẹ̀."

"Ẹ kà á mọ́ èyí tí mo ti bà jẹ́."

Òkúta ló pọ̀ nínú ilẹ̀ náà, ọkọ́ kò wọlé bọ̀rọ̀. Mo ń gbẹ́ ẹ lọ. Nínú ilé, wọn ò tíì fẹnu kò bóyá ọjọ́ kìíní ni ọ̀la máa jẹ́ fún mi, tàbí àádọ́rùn-ún.