Igi Tíì Ẹ̀gbẹ́ Sàréè

Ẹ ti fura náà: Tíṣà Ambrose fúnra rẹ̀ ló pa igi tíì náà. Ohun tí ẹ kò tíì mọ̀ ni bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

"Òbúkọ ni," ló wí, ó ń wo ilẹ̀. "Òbúkọ Fulera ilé kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí. Ó jẹ ewé rẹ̀ tán, ó tún bó èèpo rẹ̀."

Kíkẹ́lọmọ kò tíì sọ báàgì kalẹ̀. Àná ló ti wọkọ̀ ní Jọ́ọ̀s, torí ìrántí ọdún kẹta ìyá rẹ̀. Òun ló gbé igi náà wá sí Ọ̀mù-Àrán lọ́dún tí wọ́n sin ìyá, tó gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè níwájú ilé. Kì í ṣe irú tíì tí à ń po mílíìkì mọ́. Torí òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbìn ín, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ bíi gúgúrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́.

Ó ti kìlọ̀ fún bàbá rẹ̀: oòrùn púpọ̀, omi díẹ̀, kí wọ́n má fi ajílẹ̀ sí i rárá, bó bá tanná tán, kí wọ́n kàn rẹ́ orí ẹ̀ka rẹ̀ díẹ̀. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ni ní iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ṣé ọmọ tó kọ́ ní a, b, d ni yóò wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń bomi rin igi?

Nígbà ọyẹ́ àkọ́kọ́, igi náà tanná. Àwọn ará ìjọ ń dúró wò ó. Tíṣà sọ fún wọn pé irú rẹ̀ wà nínú ọgbà ọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó bi í bó ṣe mọ̀. Láti ọjọ́ náà, "igi ìyá Kíkẹ́" di "igi mi". Ó sì fẹ́ kó tóbi sí i. Ó da ìgbẹ́ adìyẹ sí ìdí rẹ̀, ó ń bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ewé ń pọ́n, ó fi kún ìgbẹ́. Níkẹyìn, ó fi àdá gé e dé kùkùté, bí a ti ń gé ewúro kó lè rú.

Kò rú. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé ni Tíṣà ń gbà jáde.

Kíkẹ́lọmọ bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan kùkùté náà. "Àdá ni wọ́n fi gé e."

"Ìyókù tí òbúkọ jẹ kù ni mo gé. Kò ṣeé wò."

Ọmọ náà gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù. "Kò burú, Bàbá. Ẹ ò lè máa ṣọ́ ẹran ẹlẹ́ran kiri. Màmá ò ní bínú."

Èyí gan-an ló dun Tíṣà jù. Ọmọ náà ì bá tilẹ̀ bínú sí i! Òtítọ́ dé orí ahọ́n Tíṣà, ó tún gbé e mì.

Ni Kíkẹ́lọmọ bá ní òun fẹ́ lọ kí Fulera, kí ọ̀rọ̀ náà má baà máa dùn ún lọ́kàn. Tíṣà ní kò sí nílé. Wọ́n sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

"Fi í sílẹ̀," ni Tíṣà wí. "Má jẹ́ kójú tì í."

Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni Kíkẹ́lọmọ. Ó ti dé ojúde Fulera kí bàbá rẹ̀ tó wọ bàtà. Fulera ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n kíra, wọ́n béèrè Jọ́ọ̀s, wọ́n béèrè àwọn ọmọ. Tíṣà dúró lẹ́yìn, ó ń wo òrùlé.

"Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òbúkọ yín yẹn dùn yín," ni Kíkẹ́lọmọ wí. "Ẹran ò mọ sàréè."

Fulera gbójú sókè. Ó wo ọmọ, ó wo bàbá.

"Òbúkọ wo? Ẹyọ kan ṣoṣo tí mo ní, ọjọ́ Iléyá la ti pa á. Ó ti pé oṣù mẹ́ta. Itan rẹ̀ ni mo gbé fún bàbá rẹ."