Onígbàjámọ̀ Tó Ń Sá fún Omi

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba onígbàjámọ̀ náà, torí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ọ̀gbọ̀n ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń fi abẹ tọ́ etí irun láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Bó bá ń gẹrun, á máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín títí tí ẹni tó jókòó lórí àga á fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun lè mú orí dúró.

Ọwọ́ kò gbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtọ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti tó oṣù mélòó kan. Bó bá dé ilé ìtọ̀, á dúró títí bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Nígbà tó bá yá, á máa kán tó-tó-tó, á dáwọ́ dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Kó tó fọ ọwọ́ tán, òmíràn á ti dé.

Kì í ṣe ìtọ̀ náà gan-an ló ń dẹ́rù bà á. Bàbá rẹ̀ ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó máa ń gbọ́ bí bàbá náà ṣe ń kérora nínú balùwẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tó béèrè ohun tó ń ṣe é. Nígbà tó yá, ikùn bàbá wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, wọ́n gbé e lọ, kò sì padà wálé mọ́. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é, àwọn kan ní jẹjẹrẹ ni. Ìyá wọn ò sọ nǹkan kan títí tóun náà fi lọ. Ní báyìí tó wá jẹ́ òun ló ń di ògiri mú nínú balùwẹ̀, ó dá a lójú pé ikú tó mú bàbá òun ló ti mọ ilé òun.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi, kí ìtọ̀ lè dín kù. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ló kọ́kọ́ fura.

"Bàbá wọn, omi tí mo gbé fún yín láàárọ̀ ló tún wà níbẹ̀ yẹn."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí ni."

"Nínú oòrùn yìí?"

"Ṣé o fẹ́ kí n máa mumi bíi màlúù ni?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkọ ìyàwó kan wá gẹrun. Ìgbéyàwó ti kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wọ kóòtù, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ọ̀gbọ̀n ti gẹ apá kan tán, ó ń yí sí apá kejì, ni ìtọ̀ bá dé. Ó ní kí wọ́n má bínú, ó sáré lọ sẹ́yìn.

Kò sí nǹkan kan tó jáde. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fún un, kò kán. Ó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó le gbandi bíi bọ́ọ̀lù. Òógùn bò ó. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń rí.

"Ọ̀gá o!" ọkọ ìyàwó ń ké láti iwájú. "Ṣé ìlàjì mi ni ìyàwó fẹ́ fẹ́ ni?"

Ó padà, ó mú ẹ̀rọ ìgẹrun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gẹ̀ ẹ́. Ìrora ń gún un dé ẹ̀yìn. Nígbà tó dé ìdí etí, abẹ yẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó bẹ̀bẹ̀, ó parí rẹ̀, ó kọ owó tí wọ́n nà sí i. Bí wọ́n ṣe jáde ló jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín irun, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Wá gbé mi," ló ní. "Mò ń kú lọ."

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ojú nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀. Ojú tì í bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Àmọ́ nígbà tí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sínú àpò ọ̀rá, tí ikùn rẹ̀ ń rọ̀, ńṣe ló ń sunkún bí ọmọdé.

Dókítà tó wá yẹ̀ ẹ́ wò kò ju ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ lọ́jọ́ orí. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wá béèrè pé, "Bàbá, ṣé bàbá tó bí yín ní irú ìṣòro yìí?"

"Ó ní i. Ó sì kú."

"Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín lọ́kùnrin ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Koko lara wọn le."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wolẹ̀. "Dókítà, èmi náà ní i," ló wí. "Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi."

"Nígbà wo?" Ọwọ́ọ̀gbọ̀n bi í.

"Nígbà tí mo ní mò ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kan fún ìjọba."

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Pé mi ò lè tọ̀? Ẹ̀rù bà mí, àbúrò. Èmi náà rò pé ohun tó pa Bàámi ló dé. Nígbà tí mo sì gbádùn tán, ojú ń tì mí."

Ọwọ́ọ̀gbọ̀n kọjú sí ògiri. Gbogbo oṣù tó fi ń dá nìkan bẹ̀rù ló ń rò.

Dókítà fa àga kan, ó jókòó. "Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, próstéètì ni wọ́n ń pè é. Àárín rẹ̀ ni ìtọ̀ ń gbà kọjá. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, ó máa ń wú, bó bá sì wú jù, á fún ọ̀nà náà pa. Ọjọ́ orí ló ń fa ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n bó bá tètè dé, tó tóbi, tó mú bàbá, tó mú ẹ̀gbọ́n, tó tún mú àbúrò, a máa ń fura pé ó wà nínú àbùdá, ìyẹn ohun tí òbí fi sára ọmọ láti inú oyún, bí ìrísí imú."

"Ṣé jẹjẹrẹ ni?"

"Wíwú tí mò ń sọ yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í di jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n méjèèjì lè wà lára ẹnì kan náà, ìdí nìyẹn tá a fi ń ṣàyẹ̀wò. Ẹ ní sùúrù kí èsì jáde."

Sùúrù wo? Wọ́n dá a padà sílé pẹ̀lú àpò ìtọ̀ tí wọ́n so mọ́ itan rẹ̀. Oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ní kí ìyàwó òun jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀.

"Èyí tó tóbi, ìwọ ni kó o mú un."

"Kí n fi gẹ orí ta ni?" obìnrin náà dá a lóhùn. "Ẹ ò ní kú síbi kankan."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Kò mọ̀. Obìnrin náà padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó sì rán apá aṣọ kan mọ́ ibi tó yẹ kí ọrùn wà.

Èsì jáde. Kò sí jẹjẹrẹ. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ sáàárín yàrá dókítà, ó ń dúpẹ́. Ọwọ́ọ̀gbọ̀n fà á dìde. Iṣẹ́ abẹ ló kù, ìyẹn náà sì ń dẹ́rù bà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá a, ó ti ilẹ̀kùn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ibi tó dùn ún, ọjọ́ tí ìtọ̀ pupa, bí òun àti ìyàwó ṣe ń ṣe lórí ibùsùn láti ìgbà náà. Kò fi ọ̀kankan pa mọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere.

Nígbà tó gbádùn, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì sí pálọ̀, ó sọ ohun tó pa bàbá òun, tó mú ẹ̀gbọ́n, tó sì mú òun. Àgbà nínú wọn ń rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Àbúrò rẹ̀ ní, "Bàámi, ṣé dandan ni kó mú wa?"

"Kì í ṣe dandan. Dókítà ní àbùdá tó ń fà á pọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń pàdé lára oníkálukú yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ó rọrùn kó mú yín ju ọmọ ẹlòmíràn lọ. Ẹ má dúró kó dé kẹ́ ẹ tó lọ bá dókítà."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde láti ilé ìdáná, ó gbé ọmọkùnrin rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Èmi ńkọ́? Ẹ ò pè mí."

"Obìnrin ò ní próstéètì."

"Mo mọ̀. Eléyìí ńkọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ yín ò sí lára mi ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Kò rò ó débẹ̀ rí. Nígbà tó padà lọ fún àyẹ̀wò, ó béèrè, dókítà sì ní ó lè gba ara ọmọbìnrin dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó bá bí lọ́kùnrin. Ó wù ú kó parọ́ fún ọmọ rẹ̀. Bó ṣe délé, ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un.

Ọmọbìnrin náà ń wo ọmọ rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀, tó ń jẹ okùn bàtà.

"Ó ṣì kéré púpọ̀," ló wí.

"Ó kéré. Màá sọ fún un fúnra mi bó bá dàgbà."

"Bẹ́ ẹ ò bá sí ńkọ́?"

"Kí ìwọ sọ fún un."

Ó ní òun á sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì rọra gba okùn bàtà náà lẹ́nu ọmọ rẹ̀.