Ọjọ́ Tí Káfíńtà Sún Ìyàwó Rẹ̀ Síwájú

Akọni ni gbogbo àdúgbò mọ Káfíńtà sí. Ó ti gun òrùlé gíga láìdi okùn mọ́ra, ayùn sì ti gé orí ìka rẹ̀ kan lọ tí kò ké. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dárúkọ àyẹ̀wò ara, ojora á mú un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọsibítù, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, tí kò sì padà wálé mọ́. Láti ìgbà náà ni Káfíńtà ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé àyẹ̀wò ní ń pa èèyàn.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló forúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera ìjọba, tí wọ́n fi ń yẹ àwọn àgbà wò lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún. Gbogbo ìgbà ni Káfíńtà ń yẹra fún un.

“Ara mi le koko,” ló máa ń wí.

“Bó bá le koko, kí lẹ wá ń sá fún?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í láàárọ̀ ọjọ́ kan, ló bá kó bàtà ọkọ rẹ̀ síwájú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, itọ́ gbẹ lẹ́nu Káfíńtà. Òórùn oògùn tí wọ́n fi nulẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀ kan. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ní, “Bàbá, ó kàn yín,” ó sún ìyàwó rẹ̀ síwájú.

“Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi kọ́kọ́ wọlé. Obìnrin ló yẹ kó ṣíwájú.”

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?”

Wọ́n jọ wọlé. Nọ́ọ̀sì wé aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ìyàwó Káfíńtà lápá, ó ń bá a ṣàwàdà. Lójijì, àwàdà dúró. Ó tú u, ó wé e mọ́ apá kejì. Ó lọ mú ẹ̀rọ mìíràn wá.

“Màmá, ṣé orí máa ń fọ́ yín?”

“Ó ti pẹ́. Ariwo òòlù ọkọ mi ni mo kà á sí.”

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó sáré jáde.

Dókítà dé. “Màmá, ẹ má dìde o. Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru gan-an. Bí ẹ bá lọ sílé báyìí, rọpárọsẹ̀ lè ṣe yín kálẹ́ tó lẹ́.”

“Ṣé káàdì adójútòfò yẹn máa san owó bẹ́ẹ̀dì?” ni Káfíńtà bi í.

“Ó máa san án, bàbá. Ẹ bọ́ síta ná.”

Wọ́n kó gèlè àti bàtà ìyàwó rẹ̀ lé e lọ́wọ́, wọ́n tilẹ̀kùn. Ó wá rántí pé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, obìnrin náà máa ń di ògiri mú kó tó wọ ilé ìdáná. Ọjọ́ ogbó lòun pè é. “Ọlọ́run, èmi ni kí o mú,” ló sọ jáde lẹ́nu, ẹ̀rù sì tún bà á kí Ọlọ́run má lọ gbọ́ ọ. Nígbàkigbà tí ilẹ̀kùn bá dún, á fò dìde.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ kí wọ́n tó pè é. Ẹ̀jẹ̀ náà ti wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ máa sùn síbẹ̀, oògùn ojoojúmọ́ sì ti di tirẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ṣùgbọ́n ẹnu ṣì wà níbẹ̀.

“Ṣé wọ́n ti yẹ̀ yín wò?”

Káfíńtà lọ na apá sí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ṣúgà rẹ̀ ga díẹ̀, ìyókù dáa. Ayọ̀ kankan kò sọ nínú rẹ̀.

Wọ́n dá obìnrin náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n délé, bó ṣe wọ ilé ìdáná ni Káfíńtà lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń tẹ́tí sí èémí rẹ̀.

“Ẹ lọ jókòó, bàbá wọn. Mi ò tíì kú.”

Ó lọ jókòó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò kúrò ní ilé ìdáná.